Bí Ẹ Ṣe Lè Ní Ìtẹ́lọ́rùn Nínú Kristi Nígbà Tí Ohun Tí Ẹ Ń Béèrè Kò Tíì Dé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ kì í dẹ́kun bíbéèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà kì í bára mu: «Mo ń gbàdúrà, mo ń gbààwẹ̀, n kì í pa ìsìn jẹ, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni mo máa ṣe?» Ẹni tí ó ń wá ọmọ ń béèrè rẹ̀, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ń béèrè rẹ̀, ẹni tí ó ti rí ọmọ tí ó sì ti rí iṣẹ́ náà ń béèrè rẹ̀. Ti ẹni ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ kí a fura pé ọ̀rọ̀ náà kò fi gbogbo ara dá lórí ohun tí a kò ní. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí òun yóò ṣe láti òwúrọ̀ ọ̀la lọ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí bí àwọn ìgbésẹ̀ náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpẹ́, wọ́n sì ti gbìyànjú rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ọpẹ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ karùn-ún ni mo fi í sí, kì í ṣe ìkíní.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́:

- Bíbélì oníwèé. Ti orí fóònù kò burú, àmọ́ orí fóònù náà ni ohun tí ń da ọkàn rú wà.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò, tí ẹlòmíràn kò ní máa ṣí wò.
- Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ní àkókò kan náà bí ó bá ṣeé ṣe.
- Ènìyàn kan tí ó lè pa àṣírí mọ́, tí kì í sì í yára dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Kò sí ẹ̀jẹ́ tuntun tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́, ẹ kò nílò láti gun orí òkè àdúrà kankan, ẹ kò sì ní san owó fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni à ń wá gan-an?

Nínú Fílípì 4:11, Pọ́ọ̀lù sọ pé òun ti *kọ́* láti ní ìtẹ́lọ́rùn ní ipòkípò tí òun bá wà. Inú ìdè ni ó ti kọ lẹ́tà náà. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n ti nà ní ẹgba mọ́kàndínlógójì nígbà márùn-ún, tí ọkọ̀ ojú omi ti rì mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta (2 Kọ́ríńtì 11:24–25). Bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ní láti kọ́ ọ, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bùn tí a dá mọ́ àwọn kan tí a sì fi du àwọn yòókù. Ohun tí a ń kọ́ a máa ń gba àkókò, a sì máa ń ṣì í ṣe kí ó tó mọ́ni lára.

Ìtẹ́lọ́rùn kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn káwọ́ gbera. Pọ́ọ̀lù gba ẹ̀bùn tí àwọn ará Fílípì fi rán Ẹpafúródítù sí i, ó sì dúpẹ́ gidigidi (Fílípì 4:14–18). Ó sọ fún ẹrú tí ó bá láǹfààní láti di òmìnira pé kí ó lo àǹfààní náà (1 Kọ́ríńtì 7:21). Jákọ́bù 5:4 sì fi yé wa pé owó iṣẹ́ tí a fi du alágbàṣe ń ké, igbe náà sì ń dé etí Olúwa. Nítorí náà, bí wọn kò bá san owó oṣù yín, ẹ lọ béèrè rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ padà wá fún àyẹ̀wò, ẹ padà lọ. Ohun tí à ń wá ni ọkàn tí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú Ọlọ́run nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ìgbésẹ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ sùn, kí ẹ sì jẹun

Ó lè dà bí ẹni pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i kí ó jẹun, ó tún sùn, wọ́n tún jí i kí ó tún jẹun. Lẹ́yìn ìrìn ogójì ọjọ́ ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó ń lọ sí ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ó ń jí ní aago mẹ́rin láti sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí ó sì ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àárẹ̀ ara àti òfìfo ọkàn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sun oorun tó péye kí ẹ tó dá ọkàn yín lẹ́jọ́. Bí ó bá gba pé kí ẹ fo ìṣọ́ òru kan, ẹ fò ó.

2. Ẹ dárúkọ ohun tí ń dùn yín níwájú Ọlọ́run, láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹ wo Hánà, obìnrin tí ó ń wá ọmọ, nínú 1 Sámúẹ́lì orí kìíní. Ó dé Ṣílò, níbi tí ilé Olúwa wà, kò jẹun, ó sọkún kíkorò, ó sì gbàdúrà títí Élì àlùfáà fi rò pé ọtí ni ó ń pa á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun ń tú ọkàn òun jáde níwájú Olúwa ni. Kò kọ́kọ́ ka ìbùkún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé «kò sí wàhálà». Ẹ wá wo ẹsẹ 18: ó jáde, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Kò tíì lóyún nígbà náà, Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ kò sì tíì dákẹ́. Ìtura dé kí ọmọ tó dé, ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti sọ òtítọ́ tán ni ó sì dé.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Ẹ ka Orin Dáfídì 13 sókè. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni, «yóò ti pẹ́ tó» sì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.
2. Ẹ kọ ohun tí ń dùn yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tí ó ṣe pàtó. «Nǹkan kò lọ dáadáa» kò tó. «Àbúrò mi ti kọ́lé, èmi sì ṣì ń háyà yàrá kan, ojú sì ń tì mí bí ó bá wá kí mi» tó.
3. Ẹ ka gbólóhùn náà fún Ọlọ́run bí ẹ ṣe kọ ọ́, ní èdè tí ẹ fi ń rojọ́ nílé.
4. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí a mú ẹ̀gún tí ó wà nínú ara rẹ̀ kúrò (2 Kọ́ríńtì 12:8), Ọlọ́run kò sì bínú sí i pé ó béèrè.
5. Ẹ dìde, kí ẹ lọ ṣe ohun tí ó kàn: ẹ jẹun, ẹ wẹ̀, ẹ lọ síbi iṣẹ́.

Má sọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́ jáde lẹ́nu: ìkìlọ̀ yìí ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Orin Dáfídì 88 bẹ̀rẹ̀ nínú ìpọ́njú, inú òkùnkùn ni ó sì parí sí, síbẹ̀ inú Bíbélì ni ó wà. Ẹni tí ó ń bá Ọlọ́run rojọ́ ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

3. Ẹ wá ọ̀nà tí àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn ń gbà wọlé

Ìbànújẹ́ Hánà kì í le bákan náà lójoojúmọ́. Ọdọọdún, nígbà tí wọ́n bá ń gòkè lọ sí ilé Olúwa, ni orogún rẹ̀ máa ń mú un bínú. Inú ìrìn àjò ìjọsìn gan-an ni ọgbẹ́ náà ti ń ṣí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa náà: ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ máa ń le títí di àkókò ìjẹ́rìí, tàbí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pe àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìsọmọlórúkọ síwájú pẹpẹ.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ wákàtí àti ibi tí ẹ wà sílẹ̀ nígbàkígbà tí ọkàn yín bá bàjẹ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà náà kì í pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Ó lè jẹ́ àwọn àwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé sórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tí kì í pe fóònù yín láìbéèrè pé «ṣé kò tíì sí nǹkan?» Ọ̀rọ̀ jíjà lọ sí òkè òkun náà ń kó sí i: ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo ilé tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ sí Ìbàdàn, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn ń wo ẹ̀wù òtútù ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlara sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn lórí fóònù.

Bí ẹ bá ti mọ ọ̀nà náà, ẹ dí i, tàbí kí ẹ dín in kù. Ẹ lè bo àwòrán ẹnì kan mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bá a ṣọ̀tá. Ẹ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, bí nǹkan bá ti wà, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ bá wa fi àdúrà tì í.» Èyí tí ẹ kò bá lè dí, bí ìsìn ìdúpẹ́, ẹ múra sílẹ̀ fún un. Ẹ ka Jòhánù 21:21–22 kí ẹ tó kúrò nílé. Pétérù ń wo Jòhánù, ó ní: «Olúwa, eléyìí ńkọ́?» Jésù dá a lóhùn pé kí ni ìyẹn kàn án, kí ó máa tọ òun lẹ́yìn.

4. Ẹ ya ìlérí Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára ìlérí ènìyàn

Ní tèmi o, ibí ni àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn tó pọ̀ jù láàárín àwa onígbàgbọ́ ti ń wá. Ohun tí Ọlọ́run kò ṣèlérí ni a ń retí, nígbà tí kò bá sì dé, a ó máa bínú sí Ọlọ́run nítorí gbèsè tí kò jẹ wá.

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé kan. Ní apá kan, ẹ kọ ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ fún gbogbo onígbàgbọ́: pé Ọlọ́run kì yóò fi wá sílẹ̀ (Hébérù 13:5), pé kò sí ohun tí yóò yà wá kúrò nínú ìfẹ́ rẹ̀ (Róòmù 8:38–39), pé oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀ tó fún wa (2 Kọ́ríńtì 12:9), àti èyí tí a kì í sábà kọ mọ́ ara ògiri, pé nínú ayé a ó rí ìpọ́njú (Jòhánù 16:33). Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí wòlíì, pásítọ̀, ìyá ìjọ tàbí àlá yín sọ: «kí ọdún yìí tó parí», «ìgbéyàwó yín kò ní kọjá oṣù kẹfà», «ẹ ó kó kúrò nínú ilé yìí».

Kì í ṣe pé kí ẹ ya apá kejì dànù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe gbé ìwúwo ìgbàgbọ́ yín lé e. Ẹ̀rí wà nínú ìwé Jeremáyà. Ní orí 28, Hananáyà sọ tẹ́lẹ̀ pé láàárín ọdún méjì, wọn yóò ti kó ohun èlò tẹ́ḿpìlì padà láti Bábílónì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ Olúwa. Ní orí 29, Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn pé àádọ́rin ọdún ni, kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n sì gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ẹsẹ 11 tí gbogbo wa mọ̀ sórí, èyí tí ó sọ pé èrò àlàáfíà ni Olúwa ń rò sí wa, ẹ̀yìn àádọ́rin ọdún ti ẹsẹ 10 ni ó tẹ̀ lé. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní láti gbin nǹkan sí ibi tí wọn kò fẹ́ wà.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni ẹ ti ń dá dúró títí ìdáhùn yóò fi dé? Àwọn kan kò kun yàrá tí wọ́n ń háyà ní ọ̀dà, àwọn kan kò kọ́ṣẹ́, àwọn kan kò bá ọkọ wọn lọ síbì kankan, nítorí «ó dìgbà tí ọmọ bá dé». Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

5. Nísinsìnyí, ẹ dúpẹ́

Ọpẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn òtítọ́ máa ń wọlé sínú ọkàn, èyí tí a fi bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ di àṣà ẹnu. Ní alẹ́, ẹ kọ ohun kan tàbí méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní òní gan-an, kì í ṣe «ẹ̀mí, ìlera, ààbò» tí a máa ń kà bí àkọ́sórí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí Ọlọ́run lò, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà pẹ̀lú.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe fi ìṣòro ẹlòmíràn dúpẹ́. «Ọ̀pọ̀ ni ó sùn tí kò jí, àwọn ẹgbẹ́ wa kan wà ní ọsibítù» ti di orin ọpẹ́ láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹ ka Lúùkù 18:11 kí ẹ rí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Farisí náà dúpẹ́ pé òun kò rí bí àwọn yòókù. Ìtẹ́lọ́rùn tí ó ń wo ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kí ó tó dúró yóò ṣubú bí ó bá ti gbé ojú sókè.

6. Ẹ pinnu ohun tí ó tó

Nínú Ẹ́kísódù 16, òṣùwọ̀n ómérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mánà òòjọ́ tí Ọlọ́run fi bọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Àwọn tí wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ kejì bá ìdin nínú rẹ̀, àfi ti ọjọ́ kẹfà tí a ní kí wọ́n kó ní ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi. Òwe 30:8–9 sì kọ́ wa ní àdúrà kan tí ẹnikẹ́ni kì í kéde ní ìṣọ́ òru: kí Ọlọ́run má fún wa ní òṣì, kí ó má sì fún wa ní ọrọ̀, bí kò ṣe oúnjẹ tí ó tó wa.

- Ẹ kọ iye tí ilé yín nílò lóṣù kan sílẹ̀: oúnjẹ, owó ilé, owó ilé ìwé, ọkọ̀, oògùn, ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí òbí.
- Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ná nítorí ojú ayé sí abẹ́ rẹ̀. Aṣọ ẹbí sábà máa ń wà níbẹ̀.
- Ẹ má ṣe yá owó kọ̀ọ́pù tàbí owó àjọ fún àríyá tàbí fún ìdúpẹ́. Ìdúpẹ́ tí ó fi gbèsè sílẹ̀ yóò jí ìtẹ́lọ́rùn oṣù mẹ́fà lọ.
- Nínú ohun tí ó wà lọ́wọ́, ẹ fún ẹnì kan ní díẹ̀ láìjẹ́ kí ìjọ gbọ́.

Ẹ̀yin tí owó tí ń wọlé kò tó oúnjẹ rárá, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ sọ fún ìjọ tàbí fún ẹbí pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́, nítorí ebi kì í ṣe ohun tí a ń fi ìtẹ́lọ́rùn tọ́jú.

7. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́

Orin Dáfídì 131 kò ju ẹsẹ mẹ́ta lọ. Ó fi ọkàn wé ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣì ń mu ọmú, bí ó bá ti rí ìyá rẹ̀, àyà ni yóò máa fà. Èyí tí a ti já lẹ́nu ọmú lè jókòó lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nítorí ìyá náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti já ọmọ lẹ́nu ọmú rí mọ̀ pé ẹkún àsunmọ́jú máa ń ṣáájú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kẹ́yìn nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín jókòó láìbéèrè ohunkóhun. Bí èrò bá wọlé, ẹ sọ pé «Olúwa, ìwọ náà ni», kí ẹ sì máa bá ìjókòó yín lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò nira, pàápàá fún àwa tí wọ́n kọ́ pé àdúrà tí kò pariwo kò gbóná.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Ṣíṣí láti ìjọ dé ìjọ.* Bí wọ́n bá ń rẹ́ yín jẹ tàbí tí wọ́n ń kọ́ yín ní ẹ̀kọ́ èké, ẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣí kiri nítorí ibi tí iṣẹ́ ìyanu «ti ń ṣẹlẹ̀ báyìí» kò ní pẹ́ níbì kankan débi tí ẹnì kan yóò fi mọ orúkọ rẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn.

*Fífi ẹ̀jẹ́ ra ìdáhùn.* Hánà jẹ́jẹ̀ẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà gan-an ni ó dá padà fún Olúwa. Kò bá Élì dúnàádúrà.

*Títu ẹlòmíràn nínú kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.* Ẹlikénà, ọkọ Hánà, fẹ́ràn aya rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó béèrè pé ṣé òun kò sàn fún un ju ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ, kò sí ìdáhùn kan tí Bíbélì kọ sílẹ̀ pé Hánà fún un. Bí ọkọ tàbí aya yín bá ń ṣe ìgbésẹ̀ kejì, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì dákẹ́.

*Rírántí ìgbà àtijọ́ ní àbọ̀.* Nínú Nọ́ńbà 11:5, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rántí ẹja, apálá, àlùbọ́sà àti aáyù Íjíbítì, wọn kò sì mẹ́nu kan pàṣán. Bí ẹ bá ń sọ pé «nígbà tí mo wà ní ilé iṣẹ́ yẹn», ẹ rántí ìdí tí ẹ fi kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ìlànà yìí kò bá bá yín mu

Ẹni tí kò lè kọ̀wé, tàbí tí kò ní ibi tí yóò fi ìwé pamọ́ sí, lè máa sọ gbogbo rẹ̀ jáde nígbà tí ó bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ọmọ tuntun tí kò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè fi Orin Dáfídì 131 nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ó máa kà á nígbà tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú.

Àwọn Kátólíìkì ní ọ̀nà kan tí Ìgnéṣíọ́sì Mímọ́ ti Loyola fi kọ́ni, èyí tí àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, ń lò títí di òní: ní ọ̀sán àti ní alẹ́, a ó dúpẹ́, a ó tọrọ ìmọ́lẹ̀, a ó wo wákàtí tí ó kọjá, a ó tọrọ ìdáríjì, a ó sì pinnu lórí èyí tí ń bọ̀. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ ètò tó ṣe ṣókí. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní ìsìn májẹ̀mú tí John Wesley bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn ní 1755, tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nínú èyí tí ènìyàn ti ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún Ọlọ́run, yálà a lò ó tàbí a fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kì í ṣe Mẹ́tọ́díìsì lè bá wọn jókòó lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò lé e.

Ìkìlọ̀: nígbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn

Ẹ lọ rí dókítà bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí:

- Ìbànújẹ́ tàbí òfìfo tí ó ń wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ náà, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Oorun tàbí oúnjẹ tí ó yí padà pátápátá, tàbí kí ohun tí ó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ rárá.
- Èrò pé ó sàn kí ẹ kú. Ẹ má ṣe dá nìkan wà pẹ̀lú èrò yìí. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Àrò ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó, Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn náà sì ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Lílọ síbẹ̀ kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ẹnì kan ní ẹ ti rí ìwòsàn gbà. Bákan náà, bí ọkọ bá ń lu aya rẹ̀, ibi ààbò ni kí aya náà kọ́kọ́ wá. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ìyẹn ń ṣi Ìwé Mímọ́ lò.

Àyẹ̀wò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀

Ní alẹ́ Sọ́ńdè, ẹ wo àwọn wọ̀nyí. Ẹ má ṣe fún ara yín ní máàkì.

- Ṣé mo sọ òtítọ́ fún Ọlọ́run lọ́sẹ̀ yìí, tàbí ọ̀rọ̀ tó dùn létí nìkan?
- Ọ̀nà wo ni ìlara gbà wọlé? Ṣé mo dí i?
- Ṣé mo gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ẹlòmíràn tí mo sì lè bá a yọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú kan?
- Kí ni mo dá dúró tí n kò yẹ kí n dá dúró?

Ìbéèrè kẹta ni ó máa ń kọ́kọ́ yí padà, ó sì lè gba oṣù díẹ̀.

Bí ohun tí ẹ ń béèrè bá wá dé

Ẹ má ṣe ju ìwé àkọsílẹ̀ náà nù, ẹ má sì dá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà dúró. Àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn mọ ọ̀nà ilé tuntun bí ó ṣe mọ ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá bímọ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ẹlòmíràn. Hánà mú Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò nígbà tí ó já a lẹ́nu ọmú, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ, ẹ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe, kí ẹ sì yọ iye ààwẹ̀ tí ẹ gbà àti iye irúgbìn tí ẹ gbìn kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wà lórí àga lẹ́yìn tí ó gba ààwẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá mọ ẹni náà, ẹ lọ kí i nílé kí Sọ́ńdè tó dé, kí ó tó gbọ́ ọ láti orí gbohùngbohùn.